Ẹ̀gbọ́n, Orin Kan Ṣoṣo Lẹ Ní

Àbúrò mi ló dá a sílẹ̀. Ọjọ́ Àìkú kan ni, a ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, iná ò sí, mo na ara lórí àga, ló bá gba fóònù mi, ó lóun fẹ́ gbọ́ àwọn orin tí mo ní mò ń kọ látọjọ́ yìí. Orin 14 ló wà níbẹ̀. Gìtá béèsì ni mo fi ta gbogbo ẹ̀, mo wá ń fẹnu kọrin lé e lórí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, inú mi sì ń dùn pé ẹnìkan tiẹ̀ bèèrè. Ó gbọ́ àkọ́kọ́, ó mirí. Ó gbọ́ ìkejì, ìkẹta. Nígbà tó dórí ìkarùn-ún ó yọ yíàpíìsì kan létí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o, ṣé kì í ṣe eléyìí la ti ń gbọ́ látẹ̀ẹ̀kan?" Mo ní rárá, ìkarùn-ún nìyẹn. Ó wò mí, ó ní, "Hẹn-ẹn. Ẹ̀gbọ́n, orin kan ṣoṣo lẹ ní."

Mo bínú, kí n má parọ́. Mo ní kó gbé fóònù mi sílẹ̀, mo ní kí ni òun mọ̀ nínú orin, ẹni tó jẹ́ pé ó pàtẹ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì tí àwọn onílù ń wojú ara wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn ò lọ. Tó bá di alẹ́ tí mo bá gbórí lé ìrọ̀rí, màá tún gbọ́ ọ. Orin kan ṣoṣo.

Mo wá mú bírò àti ìwé lọ́jọ́ kan, mo gbé gìtá lé itan, mo ń gbọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń kọ nọ́ńbà ohun tí béèsì ń ṣe sílẹ̀. Nínú dò-rè-mí, d ni 1, f ni 4, s ni 5. 11 nínú 14 ló bẹ̀rẹ̀ láti 1, ó lọ 4, ó lọ 5, ó padà sílé. Àwọn mẹ́ta tó kù náà kàn gba ọ̀nà míì lọ síbì kan náà ni. Kíì, ìyẹn nóòtì téèyàn fi ṣe d, méjì péré ni mo lò nínú gbogbo wọn, E àti A, nítorí pé okùn méjèèjì yẹn ń dún fúnra wọn láìjẹ́ pé mo tẹ nǹkan kan. Ọ̀lẹ ni gbogbo ẹ̀, àbí kí lẹ fẹ́ kí n pè é?

Bí wọ́n ṣe to okùn béèsì wà nínú ẹjọ́ yìí náà o. Okùn mẹ́rin ni, E tó nípọn jù, A, D, G, láti ọ̀kan sí èkejì sì jẹ́ fúrẹ́ẹ̀tì márùn-ún (àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn gìtá ni fúrẹ́ẹ̀tì). Ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé bí ìka ẹ bá ti wà lórí 1, 4 wà nísàlẹ̀ ẹ̀ gbọnrangandan lórí okùn tó tẹ̀lé e, fúrẹ́ẹ̀tì kan náà, 5 sì wà ní fúrẹ́ẹ̀tì méjì síwájú 4 yẹn. Ọwọ́ ò ní kúrò lójú kan. Èèyàn lè máa wo tẹlifíṣọ̀n kó máa ta á. Mo wá rí i pé ọwọ́ mi ló ń kọ orin láti ọdún yìí wá, èmi kàn ń jókòó tì í ni.

Ojú ni mo fi kọ́ béèsì, ní ṣọ́ọ̀ṣì, bíi ti ọ̀pọ̀ nínú wa. Kò sẹ́ni tó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tó ní nóòtì rèé, síkéèlì rèé. Mò ń dúró lẹ́yìn ẹ̀gbọ́n tó ń ta á, mò ń wo ọwọ́ ẹ̀, bó bá ti yọ jáde lọ gba afẹ́fẹ́ báyìí, mo ti gbé gìtá. Ẹni tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù á na ìka sókè fún mi: ìka kan, 1, ìka mẹ́rin, 4, ọwọ́ gbogbo, 5. Béèyàn bá ti mọ ìka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, ó lè ta orin ìyìn fún wákàtí kan gbáko kí ìjọ sì máa fò sókè. Mi ò fi ṣe yẹ̀yẹ́ o. Ibẹ̀ ni ọwọ́ mi ti le, ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ohunkóhun tó wù kó ṣẹlẹ̀, kódà kí olórí orin gbàgbé ọ̀rọ̀ orin, béèsì ò gbọ́dọ̀ dúró. Àmọ́ ìka mẹ́ta yẹn náà ni mo gbé bọ̀ wálé tí mo wá fi ń kọ orin ara mi, orin ìfẹ́, orin ìbànújẹ́, orin nípa ẹ̀gúsí pàápàá (ẹ má bi mí), ìka mẹ́ta kan náà.

Àwọn èèyàn máa ń sọ pé tíọ́rì ń pa orin, pé ẹ̀mí lorin, pé tó o bá ti ń ka nọ́ńbà o ò ní lè gbọ́ nǹkan kan mọ́. Èmi náà ti sọ ọ́ rí, níwájú èèyàn, pẹ̀lú ìgboyà. Mo mọ ìdí tí mo fi ń sọ ọ́: mi ò mọ tíọ́rì ni.

Bàbá tó jẹ́ ọ̀gá àwọn akọrin wa ni mo lọ bá. Àgbà ni, àwọn èwe kì í sábà lọ sọ́dọ̀ wọn torí pé sọ́fà nìkan ni wọ́n ń sọ, dò-rè-mí láàárọ̀, dò-rè-mí lálẹ́. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ mi lórin. Wọ́n wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, wọ́n ní, "Ìwọ tó o ti ń ta gìtá fún wa láti ọdún mẹ́jọ? Kí lo wá ń ta?" Mi ò lẹ́nu ọ̀rọ̀. Wọ́n fún mi ní ìwé orin olóhùn mẹ́rin kan, wọ́n ní kí n fi béèsì ta ohùn ìsàlẹ̀ pátápátá, èyí táwọn bàbá olóhùn wúwo máa ń kọ. Mo bẹ̀rẹ̀. d, m, f, s, ó sọ̀ kalẹ̀ sí t, ó padà sí d. Mo dúró. Mo ní bàbá, m yìí ńkọ́, ṣé kì í ṣe pé wọ́n ṣìwé tẹ̀ ni, kọ́ọ̀dù d là ń kọ níbẹ̀ kẹ̀. Bàbá rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní d, m, s tó bá dún pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ni kọ́ọ̀dù d, ta ló sọ fún ọ pé d gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀? "Tó o bá fi m sísàlẹ̀, ilé kan náà lo wọ̀, ẹ̀yìnkùlé lo kàn gbà."

Mo lọ sílé, mo ta á ní ẹgbẹ̀rún ìgbà. 1, 4, 5 kan náà, àmọ́ dípò kí n tẹ 1 nígbà tí orin bá wà ní 1, mo tẹ 3. Gbogbo ilé dà bíi pé wọ́n gbé e sókè díẹ̀ kúrò nílẹ̀. Orin tí mo ti mọ̀ láti kékeré wá ń dún bíi pé ó ń lọ síbì kan. Ohun tí bàbá fi ẹ̀yìnkùlé sọ yìí, mo ti ń gbọ́ ọ lára àwọn àgbà onígìtá láti ọjọ́ pípẹ́, mo kàn rò pé ọwọ́ wọn ló dáa jù tèmi lọ ni.

Ibi tọ́rọ̀ yìí ti wá kan orin Yorùbá gan-an nìyí. Àwa ò lè máa yí ohùn orin padà bó ṣe wù wá, torí pé ọ̀rọ̀ ti ní ohùn tiẹ̀ kó tó di orin. Mo ní orin kan tí mo kọ nípa àwọn èèyàn tó ń dúró de ọkọ̀ ní gáréèjì Ìwó Road, ègbè ẹ̀ ni "Ọkọ̀ á dé." Ẹ sọ ọ́ lẹ́nu: ohùn àárín, ohùn ìsàlẹ̀, òkè, òkè. r, d, m, m. Bí mo bá ní kí n fi ọgbọ́n gbé "kọ̀" yẹn sókè kó lè dùn, ọkọ́ ló máa dé, gbogbo èrò gáréèjì á wá máa retí ọkọ́ tí wọ́n fi ń roko. Àwọn tó kọ́kọ́ túmọ̀ orin ṣọ́ọ̀ṣì sí Yorùbá tí wọ́n fi lé ohùn òyìnbó lórí ko ìṣòro yìí, ọ̀pọ̀ nínú àwọn orin yẹn là ń kọ títí dòní tó jẹ́ pé ohun tó wà nínú ìwé ọ̀tọ̀, ohun tí etí gbọ́ ọ̀tọ̀.

Torí náà ohùn orin mi dúró síbì kan, m ló parí sí, m yẹn ni mo máa fà gùn. Ìsàlẹ̀ nìkan ló kù tí mo lè yí. Ẹ wá wo nǹkan tó ń ṣẹlẹ̀, ẹ mú gìtá tí gìtá bá wà nítòsí, ká ní kíì C la wà, m jẹ́ E. Bí béèsì bá tẹ C sábẹ́ ẹ̀, m yẹn di ọmọ ilé, ọkọ̀ á dé lóòótọ́, ó dájú. Bí béèsì bá tẹ A, m kan náà yẹn, ẹnu ò yí padà, ọ̀rọ̀ ò yí padà, àmọ́ ẹni tó ń sọ pé ọkọ̀ á dé ti ń sunkún díẹ̀. Tẹ F: ó dà bí ìdájí, kò tíì sẹ́ni tó mọ̀. Tẹ D: m yẹn kọ́ lókè, kò rí ibi jókòó. Tẹ E fúnra ẹ̀: inú agbè òfìfo. Ẹni tó ń kọrin ò mọ̀ pé òun ti sọ nǹkan márùn-ún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, béèsì ló ń sọ ọ́ fún un.

Ohun tí mo kọ́kọ́ fi èyí ṣe ni C, A, F, G, inú mi dùn títí dọjọ́ kejì tí mo tan rédíò, orin mẹ́ta tẹ̀léra tẹ̀léra, C, A, F, G. Ó dáa. Mo yọ C kúrò. Mo ní nígbà tó jẹ́ pé ọkọ̀ ò tíì dé, kí ló dé tí béèsì á ti délé? Láti ìbẹ̀rẹ̀ orin yẹn, béèsì ò tẹ C rárá, orí F, A, D ló ń rìn, nígbà míì ó bá ẹ̀yìnkùlé wọlé, ó tẹ E, ó tún jáde. Ègbè ìgbà kẹfà, ìkẹyìn, "Ọkọ̀ á dé", ibẹ̀ ni mo ti wá jù ú sílẹ̀ sórí C. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ta á tán, mo jókòó jẹ́ẹ́. Nóòtì kan tí mo ti ń tẹ̀ láti ọdún mẹ́jọ, mi ò gbọ́ ọ báyẹn rí.

(Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń tẹ kíbọ́ọ̀dù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ọwọ́ òsì yẹn kúrò nísàlẹ̀. Èmi ti fi F sábẹ́ kí m lè fò, ẹ̀yin náà ti ọwọ́ òsì bọ C nísàlẹ̀ níbẹ̀, kí la fẹ́ jọ gbọ́? Okùn E béèsì tí èèyàn ò tẹ̀, ìgbà 41 péré ló ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan, bí ohùn méjì bá ti fún pọ̀ nísàlẹ̀ báyẹn ẹrẹ̀ ni. Bí mo bá fẹ́ fi nóòtì kẹta kún 1 lórí béèsì, mo máa ń gbé kẹta yẹn lọ sókè lórí okùn G, ó máa mọ́lẹ̀ kedere. Ó ti tó, mo ti sọ tèmi.)

Èyí tó tún yí mi lórí ju ìyẹn lọ, ẹ fara balẹ̀ bá mi kà á. Láti d kan sí d tó wà lókè ẹ̀, fúrẹ́ẹ̀tì 12 ló wà níbẹ̀, síkéèlì méjọ̀ (major, dò-rè-mí yẹn náà ni) mú 7 nínú ẹ̀. Bẹ́ ẹ bá pe ibi tí d wà ní 1, àwọn yòókù bọ́ sórí 3, 5, 6, 8, 10, 12. Ẹ mú ìyẹn dání. Ẹ wá rántí agogo, kónkóló tí wọ́n ń lù sí ìlù òrìṣà, èyí táwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Kúbà àti Bràsíìlì gbé dání lọ tí àwọn ọmọ ọmọ wọn ṣì ń lù níbẹ̀ di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀nà 12 ni àyíká ẹ̀ pín sí, agogo ń dún nígbà 7. Níbo ló ti ń dún? 1, 3, 5, 6, 8, 10, 12.

Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Mo fi ṣíbí lu ife. Mi ò sọ pé ọ̀kan ló bí èkejì o, ìṣirò kan náà ni ọwọ́ onílù àti etí akọrin lọ bá pàdé níbì kan. Ṣùgbọ́n ẹ wo bó ṣe mú kí ohun tí wọ́n ń pè ní móòdù yé mi lójú kan náà, nǹkan tí mo ti ń wò lórí YouTube fún oṣù méjì tí orí ń fọ́ mi. Bó o bá bẹ̀rẹ̀ sí í ka agogo yẹn láti ìró kejì, agogo ò yí padà, àmọ́ ẹsẹ̀ ẹ máa fẹ́ jó síbòmíì. Síkéèlì náà nìyẹn. Bẹ̀rẹ̀ láti d, méjọ̀ ni. Bẹ̀rẹ̀ láti r, nóòtì kan náà, wọ́n ń pè é ní Dorian, ó dún bíi máínọ̀, síkéèlì tó máa ń dún bí ọ̀fọ̀, àmọ́ nóòtì kẹfà ẹ̀ gbórí sókè, kò jẹ́ kó ṣọ̀fọ̀ tán. Ibi tó o pè nílé ló yí padà, kò sí nǹkan míì.

Mo tún wo àlàfo. Ibi tí agogo ò ti dún jẹ́ márùn-ún: 2, 4, 7, 9, 11. Tó o bá fi d sórí C, àwọn bọ́tìnnì dúdú orí kíbọ́ọ̀dù nìyẹn gẹ́lẹ́, síkéèlì olóhùn márùn-ún. Mo wá kọ orin kan tó jẹ́ pé ìgbà tí agogo bá dákẹ́ nìkan ni béèsì ń sọ̀rọ̀. Kò sí nóòtì kankan lórí 1. Fún ẹni tó ti ń gbá 1 mọ́lẹ̀ láti ọdún mẹ́jọ, ó dà bíi kéèyàn máa rìn kó máa fò ìṣísẹ̀ àkọ́kọ́. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi ń ṣubú. Ọjọ́ karùn-ún ó wọlé, mi ò tiẹ̀ mọ ìgbà tó wọlé, mo kàn rí i pé ọrùn mi ti ń jó.

Lẹ́yìn gbogbo èyí ni mo wá ya wèrè díẹ̀. Ó máa ń ṣe ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ nǹkan. Gbogbo orin ni mo fẹ́ fi kọ́ọ̀dù sí. Èmi àti bándì kan lọ ṣeré níbi ìnáwó kan n'Íbàdàn, mo ti tún orin kan ṣe fún wọn, kọ́ọ̀dù 9 ló wà nínú ẹ̀, kálukú ń fi ìka dán an wò lábẹ́lẹ̀ ká tó bẹ̀rẹ̀. Ìyá onílésì kan ti bọ́ síwájú wa, ó ti ń nawọ́ owó ìná. A wọ kọ́ọ̀dù kẹrin, ìyá dúró. A wọ ìkẹfà, ó wo ẹsẹ̀ ara ẹ̀ bíi pé bàtà ló dẹ́ṣẹ̀. Nígbà tá a fi máa dé ìkẹsàn-án, ó ti ká owó ẹ̀ pa dà sínú báàgì, ó ti ń lọ jókòó. Onílù wa ò bá mi sọ̀rọ̀ nínú mọ́tò títí a fi délé.

Ìyẹn ló mú mi pa dà sọ́dọ̀ Fẹlá. Ẹni tó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1958, tó kọ́ orin ní Trinity College of Music, kọ́ọ̀dù ò lè ṣàjèjì sí i. Síbẹ̀ ẹ gbọ́ afrobeat ẹ̀: kọ́ọ̀dù kan, méjì, ìṣẹ́jú mẹ́wàá kọjá, béèsì ń tún gbólóhùn kékeré kan sọ, gìtá ń dá a lóhùn, Tony Allen wà nídìí ìlù tí ò lu ohun tẹ́ ẹ rò pé ó máa lù, kálukú ní àlàfo tiẹ̀. Èmi náà ń lo kọ́ọ̀dù mẹ́ta torí pé òun nìkan ni mo mọ̀, òun ń lo ọ̀kan lẹ́yìn tó ti mọ gbogbo ẹ̀. Etí mọ ìyàtọ̀ méjèèjì, àní ìyá onílésì yẹn mọ̀ ọ́n.

Báyìí, bí mo bá fẹ́ kọ orin, mo máa ń kọ́kọ́ fi nǹkan kan de ara mi. Mo lè ní lónìí mi ò ní fọwọ́ kan okùn E. Tàbí kó jẹ́ nóòtì mẹ́ta péré, kí n wá wo ohun tí ìlù àti ìdákẹ́jẹ́ lè fi wọ́n ṣe. Tàbí pé mi ò ní já sórí nóòtì tí mò ń lọ tààrà, màá gba ti alámùúlégbè ẹ̀ kọjá, fúrẹ́ẹ̀tì kan sókè tàbí sísàlẹ̀. James Jamerson tó ń ta béèsì fún Motown, ilé iṣẹ́ àwo orin kan ní Detroit l'Amẹ́ríkà, mọ èyí dáadáa, ìka kan ṣoṣo ló fi ń ta okùn o, èmi tí mò ń fi ìka méjì ta á tí mò ń fọ́nnu, ẹ gbà mí. Nǹkan kan ni mo ń yí lẹ́ẹ̀kan. Bí mo bá yí kọ́ọ̀dù, ìlù á dúró bó ṣe wà. Bí mo bá ṣí ìlù nídìí, kọ́ọ̀dù á jókòó jẹ́ẹ́. Lọ́pọ̀ ìgbà náà, màá ṣe gbogbo ẹ̀ tán, kò ní dùn, màá pa á rẹ́.

Oṣù tó kọjá àbúrò mi tún wá. Èmi fúnra mi ni mo na fóònù sí i lọ́tẹ̀ yìí. Orin mẹ́fà. Ó gbọ́ ti ọkọ̀, nígbà tí C wá já lulẹ̀ lẹ́yìn ó ní "Áà! Wọ́n ti dé." Mo yíjú síbòmíì kó má baà rí ẹ̀rín mi. Ó gbọ́ ti agogo, ó ń fi ẹsẹ̀ wá 1 kiri ilẹ̀, kò rí i, ó rẹ́rìn-ín. Ó gbọ́ ìkẹta, ìkẹrin, ó mirí. Nígbà tó dé ìkarùn-ún ó dúró, ó pa dà sí ìkẹta, ó tún gbọ́ ìkarùn-ún.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n."

Mo ní kí ló dé.

Ó ní, "Ẹ má bínú o."

Mo gba fóònù, mo gbọ́ méjèèjì. Mo gbé gìtá, mo wo ibi tí ọwọ́ òsì mi lọ fúnra ẹ̀. Okùn A, fúrẹ́ẹ̀tì karùn-ún, méjèèjì.